Ọjọ́ tí Béjidé Tú Ìbòrí Ọkọ̀ Rẹ̀

Ní ayé ìgbà tí ọ̀nà orí ilẹ̀ ṣì jẹ́ ipa ẹsẹ̀ lásán, tí ẹni tó bá fẹ́ rìn jìnnà gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, tọkọtaya kan wà létí ọ̀sà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Béjidé lorúkọ ọkọ, Ẹfúnyẹmí lorúkọ aya. Ìkòkò, ẹní àti iyọ̀ ni wọ́n ń gbé kiri láti èbúté kan dé òmíràn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí ọyẹ́ yóò fi dé, wọn kì í ní ilé mìíràn ju ọkọ̀ wọn lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti tọ́ Odùṣọlá, ọmọ wọn, kó tó dàgbà tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀.

Ọkọ̀ ọ̀hún kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Ọparun ni wọ́n fi tẹ́ pẹpẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí omi tó bá jò sínú má baà kan ẹrù. Ewé gbòdògì ni wọ́n fi ṣe ìbòrí rẹ̀, wọ́n to ewé lé ewé títí ojú kò fi lè rí ọ̀run láàárín wọn. Ẹnikẹ́ni kì í sì í gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọ ibẹ̀. Igbá omi kan wà ní ìdí ọkọ̀ tí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ fi ṣan ẹsẹ̀, ìbáà ṣe ìjòyè. Aṣọ tó bá tutù, ìta ní í gbé. Bí òjò bá dá díẹ̀, Ẹfúnyẹmí á ká ẹní ẹ̀gbẹ́ ìbòrí sókè kí atẹ́gùn lè gba inú ọkọ̀ kọjá. Ó máa ń sọ pé ọ̀rinrin dà bí àlejò tí a kò tètè sìn sọ́nà, kò ní í pẹ́ di onílé.

Bí òjò bá wá ń rọ̀ láti òwúrọ̀ tí kò dá, tọkọtaya náà á jókòó ti ìkòkò iná, wọn á máa jẹ ẹja yíyan. Ariwo òjò lórí ewé kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí ara wọn ń sọ. Wọn á kàn máa wo ara wọn, wọn á máa rẹ́rìn-ín.

Abẹ́ òjò ni wọ́n bí Béjidé sí, ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá. Láti kékeré ló ti ń sọ pé ọ̀rẹ́ òun ni òjò. Nígbà kan ní èbúté, ojú ọ̀run ṣú, gbogbo èèyàn ń sá kiri. Béjidé na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ ká já ẹrù tán ná." Òjò náà kò sì rọ̀ títí wọ́n fi já ẹrù tán. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kí i ní Ọ̀rẹ́ Òjò, inú rẹ̀ a sì máa dùn dé ẹ̀yìn. Ẹfúnyẹmí náà á rẹ́rìn-ín, á sì máa fi ewé tuntun dí ibi tó bá ń jò. Kò rí ohun tó burú nínú kí ọkọ òun ní nǹkan kan tí yóò máa fi yangàn.

Ní ọdún kan, ìdílé Ọnàfúwà fẹ́ sin ọmọ wọn, Morẹ́nikẹ́, lọ sílé ọkọ ní òdìkejì ọ̀sà. Àkókò òjò ni. Wọ́n ní inú ọkọ̀ Béjidé ni ìyàwó yóò wọ̀, nítorí kò sí ọkọ̀ mìíràn lójú omi tó gbẹ bíi tirẹ̀. Ìyá ọmọ náà ti kú. Ṣùgbọ́n kó tó kú, ó ti hun aṣọ funfun kan tí ọmọ rẹ̀ yóò ró wọlé ọkọ. Aṣọ yìí ni wọ́n tò sísàlẹ̀ pátápátá nínú agbọ̀n, lábẹ́ àwọn aṣọ aláró.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Ẹfúnyẹmí wà nílé ìyàwó, ó ń bá wọn wé gèlè. Nígbà tí wọ́n sin ìyàwó dé èbúté, Ẹfúnyẹmí sáré lọ sétí omi. Ọkọ̀ wọn wà lójú omi ní ìhòòhò bí adìẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́.

"Bàbá Odùṣọlá, ìbòrí wa dà?"

"Mo ti tú u. Ṣé kí a wá fi ewé bo ìyàwó mọ́lẹ̀ bí ẹni gbé ẹja ni? Jẹ́ kí gbogbo ayé rí bó ṣe ń dán!"

"Oṣù òjò la mà wà yìí, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìwọ náà gbójú sókè, ṣé o rí ìkùukùu? Bó bá tilẹ̀ fẹ́ rọ̀, ta ni yóò rọ̀ lé lórí? Èmi Béjidé?"

Àwọn èrò hó, wọ́n ń kí i ní Ọ̀rẹ́ Òjò. Ẹfúnyẹmí kò lè bá ọkọ rẹ̀ jiyàn lójú àwùjọ. Ó mú ẹní méjì nínú ẹrù, ó gbé wọn lé itan, ó jókòó.

Ìrìn náà kọ́kọ́ dùn. Àwọn èèyàn jáde sétí omi, wọ́n ń juwọ́ sí ìyàwó, ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, oòrùn ń tàn lára ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Ẹfúnyẹmí fúnra rẹ̀ ti fẹ́ máa gbàgbé ìbẹ̀rù. Àfi bí wọ́n ṣe dé àárín ọ̀sà tí atẹ́gùn tútù kan fẹ́ láti ìhà òkun, ojú omi sì dúdú.

Béjidé fi àjẹ̀ tó fi ń wakọ̀ sílẹ̀, ó dìde dúró, ó na ọwọ́ sókè. "Ọ̀rẹ́ mi, èmi ni o. Ìyàwó ni mo gbé. Jẹ́ ká gúnlẹ̀ ná."

Iwájú orí rẹ̀ gan-an ni ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni òjò já lulẹ̀ bí ẹni da omi nù láti inú odù. Ẹfúnyẹmí ta ẹní bo ìyàwó àti agbọ̀n, ṣùgbọ́n òjò ọ̀hún kò ka ẹní kún. Aró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lára àwọn aṣọ òkè, ó ń kán sára èyí tó funfun nísàlẹ̀. Morẹ́nikẹ́ da ara rẹ̀ bo agbọ̀n. "Aṣọ ìyá mi! Ẹ gbà mí o, aṣọ ìyá mi ni!" Omi ti bo pẹpẹ, ọkọ̀ ń rì lọ díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, Béjidé ṣì dúró tó ń bẹ òjò.

Láti ọjọ́ tí Ẹfúnyẹmí ti wọlé ọkọ, kò pe orúkọ mọ́ ọn lórí rí. Lọ́jọ́ náà, ó pè é. "Béjidé! Fi òjò sílẹ̀! Gbọ́n omi!"

Ọkùnrin náà ta gìrì bí ẹni jí lójú oorun. Ó mú igbá, ó ń gbọ́n omi, Ẹfúnyẹmí gba àjẹ̀, gbogbo èrò ọkọ̀ yòókù ń gbọ́n omi, títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Wọ́n tutù bí ẹyẹ tó já sódò.

Àwọn ará ilé ọkọ dúró ní èbúté. Wọ́n rí aṣọ funfun tó ti di alábàwọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú, ẹnì kan sì ń kùn pé àmì yìí kò dára fún ìyàwó tuntun. Béjidé dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ má wá ẹ̀bi sọ́rùn ọmọ yìí. Èmi ni mo tú ìbòrí. Mo rò pé òjò mọ̀ mí ni. Bó ṣe lu ọmọ yìí náà ló lu èmi."

Ìyá àgbà kan, tó jẹ́ ìyá bàbá ọkọ ìyàwó, sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan fìlà rẹ̀ tí omi ń kán lára rẹ̀. "Dìde, ọmọ mi. Òjò kò ní ojú tó fi ń ṣa èèyàn." Lẹ́yìn náà ló fún omi kúrò lára aṣọ náà, ó tú u, ó ró o mọ́ Morẹ́nikẹ́ nídìí. "Ìyá rẹ ló hun ún, òjò ló pa á láró. Kò sí ìyàwó mìíràn tó ní irú rẹ̀." Ọmọbìnrin náà sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mú un wọlé.

Nígbà tí tọkọtaya náà padà sí èbúté wọn, Béjidé kọ́kọ́ lọ gbé ìbòrí, ó ń so ó pa dà ní ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹfúnyẹmí kúnlẹ̀, ó ní kó forí ji òun nítorí orúkọ tí òun pè.

"Orúkọ yẹn náà ló kó wa yọ," ni Béjidé wí. "Mú ewé wá."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá kí i ní Ọ̀rẹ́ Òjò, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni yóò fi dá a lóhùn, pé òjò kò ní ojú tó fi ń ṣa èèyàn, á sì fi tirẹ̀ kún un pé òjò kì í bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti èbúté dé èbúté. Ó wà lẹ́nu àwọn èèyàn lẹ́yìn tí Béjidé ti kú, tí ọkọ̀ náà ti jẹrà sétí omi, tí Odùṣọlá ti mú ìyá rẹ̀ lọ sílé alámọ̀ lókè ilẹ̀. Ilé náà gbẹ, kò jò. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, Ẹfúnyẹmí á ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹní rẹ̀, á wò ó bóyá omi ti jò wọlé. Bí kò bá ti bá nǹkan kan níbẹ̀, á mí kanlẹ̀, àárò ìkòkò iná àti ẹ̀rín ọkùnrin rẹ̀ á sì sọ ọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé: Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa.