Àárẹ̀ Tí Wọ́n Pè Ní Oókan

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ olórí àwọn tó ń já àpò sìmẹ́ńtì láti orí tírélà sínú ilé ìkẹ́rùsí kan. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ènìyàn mọ́kànlá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá já tírélà kan tán, wọn a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò fún bí ìdajì wákàtí, wọn a mu omi, wọn a na ẹsẹ̀, kí wọ́n tó kojú òmíràn.

Àwọn ènìyàn yìí ní èèwọ̀ kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé ó rẹ òun kí iṣẹ́ ọjọ́ tó parí. Ẹni tó bá sọ ọ́, ìyàwó ni wọn yóò máa pè é títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí. Nítorí náà, bí òòyì bá tilẹ̀ ń kọ́ ẹnì kan, ohun tí yóò sọ ni pé, "Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá ni."

Obìnrin kan wá láti yunifásítì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ bí ara ṣe ń gba iṣẹ́ agbára, àti ìgbà tó yẹ kí ara sinmi. Ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí gbà á láyè, nítorí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìsinmi abẹ́ igi náà pọ̀ jù. Obìnrin náà de bẹ́líìtì kan mọ́ àyà olúkúlùkù, èyí tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Bí ẹnì kan bá ti ru ogún àpò, yóò bi í pé, "Láti orí oókan dé orí ẹẹ́wàá, báwo ni ó ṣe rẹ̀ yín tó? Oókan ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹẹ́wàá ni ẹni tí kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́."

Olórí ni ó kọ́kọ́ bi. Ìbàdí ń ro ó. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dúró yí i ká, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀rù pé wọn yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò òun nítorí ọjọ́ orí.

Ó ní, "Oókan."

Obìnrin náà wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá, ọkàn yín ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ṣé oókan ni lóòótọ́?"

"Ajá wo? Èmi ni mò ń lé ajá! Ọmọ mi, kọ oókan."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó kọ oókan. Ta ni yóò wá sọ ẹẹ́jọ lẹ́yìn olórí? Ẹni tó tẹ̀ lé e ní oókan. Ẹni kẹta ní eéjì, wọ́n sì hó lé e lórí pé, "Ìyàwó wa, ẹ kú àbọ̀ o!" Ó bẹ obìnrin náà pé kó pa á rẹ́.

Obìnrin náà kọ iye ìlù ọkàn sí apá kan ìwé, ó kọ ohun tí ẹnu sọ sí apá kejì, ó sì kìlọ̀ fún ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí pé méjèèjì kò bára mu. Apá tó yé ọ̀gá, ìyẹn ohun tí ẹnu sọ, ni ó kà. Ó fagi lé ìsinmi. Bí tírélà kan bá ṣe ń jáde ni òmíràn ń wọlé.

Kò sí ẹni tó lè ráhùn, nítorí ẹnu wọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹni tó ní eéjì lọ́jọ́ náà ṣubú pẹ̀lú àpò lọ́rùn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dá. Olórí wà lára àwọn tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Lójú ọ̀nà, ó sọ fún olórí pé, "Ọ̀gá mi, ẹẹ́sàn-án ni mo fẹ́ sọ. Ojú yín ni mo wò."

Olórí padà lọ bá ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí. Ó ní, "Ẹẹ́jọ ni, sà. Irọ́ ni mo pa."

"Kí ló dé tí ẹ fi pa á?"

"Ó ti ń rẹ̀ mí láti bí ọdún mẹ́ta. Mi ò fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni."

Ọ̀gá dá ìsinmi padà. Ó sì fi ẹlòmíràn jẹ olórí, gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin náà ti ń bẹ̀rù. Ẹni tó ṣubú kò ru àpò mọ́ láéláé.

Olúfúnmbi, àbúrò mi, ìwọ ni mo pa ìtàn yìí fún. Ọdún méjì rèé tí apá òsì Bàbá wa ti rọ, tí o ń gbé e dìde lórí ibùsùn lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ní gbogbo ìpàdé ẹbí ni a ń bi ọ́ bóyá ó nira. O ní kò nira, àwa náà a sì dúpẹ́, a túká. Èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀. Mo ti kọ "kò nira" lẹ́ẹ̀mẹjọ, mo sì ń rí i bí o ṣe ń di ògiri mú kí o tó lè nàró. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ó rọ̀ mí lọ́rùn. Lọ́jọ́ Àìkú, a ó tún bi ọ́. Jọ̀wọ́, sọ bó ṣe rí, kí àwa tó kù lè wá gbé e.