Eérú Àwa Ọlọ́ṣẹ

Gbogbo ayé ló ń pa á lówe pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n eérú kò lẹ́sẹ̀, kò lójú. Báwo ló ṣe ń mọ ẹni tó dà á? Ìdílé wa ni kí ẹ bi. Àwa la fi ọ̀nà ilé hàn án.

Ọṣẹ dúdú là ń sè ní Òkè-Ọlọ́ṣẹ. Gbogbo ìlú ń fi ọṣẹ wa wẹ̀, wọ́n ń mọ́ tónítóní; àwa gan-an kì í ráyè wẹ̀. Bí a bá ti sẹ́ omi eérú tí a fi ń sè é tán, a ó da eérú tó kù sẹ́yìn ọgbà àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò. Oòrùn á pa á, á gbẹ, afẹ́fẹ́ á gbé e wọ ilé wọn.

Ọ̀jẹ́níyì, baba ńlá mi, ni Baálẹ̀ wa nígbà náà. Ó gbọ́n débi pé kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà kan láti Ìsàlẹ̀-Odò, Wúràọlá, wá bá a.

"Baálẹ̀, ikọ́ ń dá àwọn ọmọ wa lóró. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ kòtò, kí wọ́n máa bo eérú yìí mọ́lẹ̀."

"Ìyá, ṣé èmi ni mo ni afẹ́fẹ́ ni? Ẹ máa ti ilẹ̀kùn yín."

A rẹ́rìn-ín títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú ìkòkò ọṣẹ.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, afẹ́fẹ́ yíjú padà sí wa. Eérú kún inú ọbẹ̀ wa. Ọmọ tí Àjíún, ọmọbìnrin Baálẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti ń wá ọmọ, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kò lè mu ọmú mọ́. Baálẹ̀ ti ilẹ̀kùn, eérú gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó gbé ọmọ náà, Àjíún tẹ̀lé e, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Wúràọlá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ báyìí.

Ìyá gba ọmọ.

"Baálẹ̀, ta ló da eérú náà?"

"Àwa ni, Ìyá."

"Ó kúkú mọ ilé yín. Ọmọ àti ìyá rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ mi títí kòtò yín á fi jìn."

Baálẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọkọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ara rẹ̀ di wolé-wolé, tó ń yọjú sí ẹ̀yìn ààrò gbogbo ilé. Àwọn ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń sá fún un. Ọmọ náà gbádùn, òun ló dàgbà tó bí bàbá mi.

Títí dòní, bí ẹnì kan nínú wa bá wúkọ́, àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò kì í béèrè oògùn tó lò. Ẹ̀yìn ilé wa ni wọ́n máa ń wò, wọ́n á wá ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.