Iná Tí Ògúnjìnmí Fi Sílẹ̀ Létí Odò

Dúró níbẹ̀. Ìwọ tí ò ń ka ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá bí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, gbé e sílẹ̀ ná, kí o dẹ etí. Ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Ojú tó ń wá ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ fọ́ ojú ẹlòmíràn. Báyìí ni obì wí fún Ògúnjìnmí, awakọ̀ lọ́rì tó ń kó iṣu láti ìhà Kíṣí, ní ìgbà tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, tó ń sùn tí kò sùn, tó ń jẹun tí oúnjẹ ń di iyanrìn lẹ́nu rẹ̀.

Kí ló dé sí i? Òkùnkùn ni. Ọ̀nà oko tó ń tọ̀ kò ní iná, kò ní ilé. Igbó ló gbé e mì lọ́tùn-ún lósì. Ilẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣú bá a níbẹ̀, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ ń kó iṣu dé etí títì. Iná iwájú lọ́rì rẹ̀ kò ju ti àtùpà tí epo rẹ̀ fẹ́ gbẹ lọ. Ó pààrọ̀ gílóòbù, kò yàtọ̀. Ó ra èyí tí wọ́n ní ó ń tàn bí òṣùpá, ó jó. Nígbà tó yá, ó kan ọ̀wọ́ iná ńláńlá mọ́ òkè orí ọkọ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Ìyẹn náà tàn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo wọn jọ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ya igun nítòsí Abà Olódò, abúlé kékeré tó wà lẹ́bàá afárá, ó kàn rí nǹkan funfun fìrí. Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Lọ́rì ké, ó fì, ó dúró. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan, ará abà náà, ló bá níwájú bọ́ńpà, ó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ìdì igi ìdáná ṣì wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà. Àjàgbé ni wọ́n ń pe bàbá yìí. Kò bú u, kò ṣépè. Ó wò ó títí, ó ní:

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo rí mi ni, àbí bíréèkì rẹ ló rí mi?"

Ògúnjìnmí bá a ti kẹ̀kẹ́ náà sí ẹ̀bá ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn ti ń bá a wọ ọkọ̀. Bó bá jókòó sídìí ọkọ̀, ó ń gbọ́ ọ. Bó bá na ẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń gbọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ ta ni yóò ta sí òun lára?

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Láṣebìkan, awakọ̀ bíi tirẹ̀, ọ̀nà kan náà, òkùnkùn kan náà, ni wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Efúnyẹmí, arúgbó tó ń dabì fún àwọn arìnrìn-àjò.

Ìyá la obì, ó dà á sínú omi inú igbá funfun. Gbogbo awẹ́ rẹ̀ dojú bolẹ̀. Ògúnjìnmí ń mi ẹsẹ̀, ó ń wo ẹnu Ìyá bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Ìyá tún un dà. Èyí ṣíjú, èyí dijú. Ó wá gbé orí sókè.

"Ògúnjìnmí, iná ni ò ń béèrè. Obì ní iná kò wọ́n ọ. Ó ní èyí tó pọ̀ lórí ló ń jí ti iwájú jẹ."

"Ìyá, mi ò ríran lójú ọ̀nà ni mo ṣe gbé e sórí."

"Mo gbọ́. Ẹbọ ni kí o rú. Tú gbogbo iná orí yẹn kalẹ̀, kí o gbé e fún ẹni tí o fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, kí o fi bátìrì kan tì í. Fi ọṣẹ dúdú àti kàìnkàìn tuntun wẹ ojú iná iwájú, nítorí eruku ti di ìpẹ́ sí i lójú. Jẹ́ kí wọ́n máa wo ilẹ̀ bí ọmọ tó ń kí àgbà. Èèwọ̀ rẹ sì rèé: ẹni tó bá tan iná pàdé rẹ lójú ọ̀nà, má ṣe bá a fi iná jà. Tìrẹ ni kí o kọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀." Ó yíjú sí ẹnì kejì. "Láṣebìkan, ẹbọ kan náà ni tìrẹ. Ìwọ náà mọ ẹni tí o ti kó jìnnìjìnnì bá."

Láṣebìkan bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ewúrẹ́ ni mo ti ń múra àtirà o! Ta ló gbọ́ ọ rí pé à ń tú iná kúrò lára ọkọ̀ kó lè ríran?"

"Ọmọ mi, ewúrẹ́ rọrùn fún ọ. Ohun tí kò rọrùn ni obì ń béèrè."

Nígbà tí wọ́n jáde, kò dákẹ́. "Jìnmí, tó o bá tú u, wọ́n á máa pè ọ́ ní ọlọ́kọ̀ apárí ní gáréèjì."

"Kí wọ́n máa pè mí. Apárí ń sùn. Èmi ò sùn."

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ Olódùmarè: ọ̀rọ̀ náà kò yé Ògúnjìnmí, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ìgbọràn tó bá ń dúró kí ọ̀rọ̀ yé òun ná, ìdúnàádúrà ni. Ó pe riwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ó ní kó tú u. Ó kó o, tòun ti bátìrì kan, lọ bá Bàbá Àjàgbé.

"Kí ni kí n fi èyí ṣe?" ni bàbá wí. "Kẹ̀kẹ́ mi ò lè gbé e."

"Bàbá, ẹ ṣáà gbà á lọ́wọ́ mi."

Ó wẹ ojú iná iwájú, ó mú un wo ilẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ síwájú rẹ̀ bí ẹní tuntun. Ó ń rí òkúta, ó ń rí ojú òkété nínú koríko. Síbẹ̀, bó bá ti kù díẹ̀ kó dé igun yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ a tún lọ síbi bíréèkì. Iná kì í ya igun. Láṣebìkan ní tirẹ̀ fi kún iná orí, kò sì sí ẹni tó pàdé tí kò bá fi iná jà.

Òjò ọjọ́ kan rọ̀ láti ọ̀sán. Bí ilẹ̀ ti ń ṣú, odò gbé àárín afárá lọ. Ògúnjìnmí ń bọ̀ tòun tẹrù, Láṣebìkan wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Ògúnjìnmí ya igun, ó rí ìmọ́lẹ̀ tó ń mì lọ́hùn-ún. Ó rò pé ọkọ̀ ló ń bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi fúùlù, iná gíga tí àwọn awakọ̀ fi ń bá ara wọn jà, ló bá rántí èèwọ̀. Ó rẹ iná tirẹ̀ sílẹ̀, ó rọra. Bí tirẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ni ojú rẹ̀ là: kì í ṣe ọkọ̀. Bàbá Àjàgbé ni, ó gbé ọ̀kan nínú iná tí Ògúnjìnmí fún un sókè, ó ń jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn bàbá, kò sí ọ̀nà mọ́. Omi ló wà níbẹ̀.

Lọ́rì yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó dúró. Bàbá sún mọ́ fèrèsé, òjò ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi, lónìí, èmi ni mo rí ọ."

Wọn kò tí ì sọ̀rọ̀ tán tí Láṣebìkan fi yọ. Bàbá sáré padà sójú ọ̀nà, ó gbé iná sókè. Inú bí Láṣebìkan. Ó tan gbogbo iná orí ọkọ̀ rẹ̀, ó fọn fèrè, ó sáré sí i. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lu òjò, ó padà sí i lójú, gbogbo ayé funfun báláú. Bàbá bẹ́ sígbó. Lọ́rì kọjá, ó wọ odò.

Ògúnjìnmí àti àwọn ará abà fi okùn fà á jáde. Kò kú, Olódùmarè ṣàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣu bá odò lọ, lọ́rì di ilé ẹja, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò sì nà tán títí dòní. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Jìnmí, mo rò pé ẹnì kan ló ń bá mi figagbága ni."

Àwọn àgbẹ̀ Abà Olódò àti oko àyíká pinnu pé ẹni tó fún wọn níná ni yóò máa kó iṣu wọn. Lọ́rì Ògúnjìnmí di méjì, kò sí iná lórí ọ̀kankan. Ó ń sùn báyìí. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ obì rí ire. Ẹni tó fi í rẹ́rìn-ín jókòó sí gáréèjì pẹ̀lú ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń bẹ gbogbo ọkọ̀ tó ń jáde pé kí wọ́n rẹ iná wọn sílẹ̀.

Ìwọ tí mo dá dúró ńkọ́? Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, lọ fọ ojú iná ọkọ̀ rẹ. Tú èyí tí o kàn sórí fún ìgbéraga, kí o fún ẹni tó ń gbé inú òkùnkùn. Ẹni tó ń bọ̀ níwájú yẹn, má rò ó sí ọ̀tá. Bóyá òun gan-an ló rí ihò tí ìwọ kò rí. Mo bẹ̀ ọ́, yí padà. Rẹ iná rẹ sílẹ̀.