Àrọ Orí Tábìlì Olóyè

Ọdún tí ọ̀gbẹlẹ̀ jẹ ẹ̀gẹ́ wa run ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí Olóyè Láṣebíkan, olójúkòkòrò, ṣe sí opó kan tó ń jẹ́ Ayọ̀ká. Níṣojú àwọn àgbà, ó gba àrọ akèrègbè tí obìnrin náà fi ń rọ epo, ó da ẹnu rẹ̀ dé orí tábìlì dídán, ọrùn rẹ̀ wà lókè. Ó ní, "Ọgbọ́n wo ni obìnrin ní tí yóò fi ni oko? Mú àrọ yìí kúrò lórí tábìlì. Ọwọ́, igi tàbí okùn kò gbọdọ̀ kan àrọ tàbí tábìlì. Bí o ò bá lè ṣe é, oko ọ̀pẹ ọkọ rẹ di tèmi." Ayọ̀ká gbé ìkòkò epo méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọlé. Olóyè bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé ẹ̀wà lo fẹ́ sè fún wa ni?"  Ayọ̀ká dúró, ó ń da epo tín-ín-rín sínú ọrùn àrọ láì jẹ́ kí ìkòkò kàn án. Epo kún inú rẹ̀, ó gun ọrùn, ó wá ń ti àrọ náà sókè láti inú, títí ẹnu rẹ̀ fi ṣí kúrò lára tábìlì. Epo tú jáde yíká, àrọ léfòó lórí rẹ̀, ó yọ̀ lọ sí etí tábìlì, ó sì já sílẹ̀. Olóyè fò dìde. "O ti ba agbádá mi jẹ́!" Ayọ̀ká ní, "Ẹ má bínú, Olóyè. Ẹ ò sọ pé epo kò gbọdọ̀ kàn án." Àwọn àgbà ní ti Ayọ̀ká ni oko. Ṣùgbọ́n ìkòkò epo méjì ló ṣòfò, oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ títí di ìgbà òjò, kò sì sí ẹni tó dá ẹ̀kán kan padà fún un.