Ẹ̀yìn Ògiri Àká Ògúntọ́lá

Ìbànújẹ́ ni Ògúntọ́lá fi ń jí, ìbànújẹ́ ni ó sì fi ń sùn. Àgbẹ̀ pàtàkì ni ní Òkè-Arère, kò sì sí ẹni tí àká rẹ̀ tó tirẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Bàbá rẹ̀ ló mọ ọ́n kí ó tó kú. Ògiri rẹ̀ nípọn, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ní, nítorí pé bàbá náà bẹ̀rù eku, ó bẹ̀rù òjò, ó sì wá bẹ̀rù olè ju gbogbo wọn lọ. Òkùnkùn nìkan ni kò rántí bẹ̀rù. Bí oòrùn tilẹ̀ wà ní àtàrí, ẹni tí ó bá wọ inú àká yìí kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibi tí òkùnkùn bá ti gbilẹ̀, aburú kì í jìnnà síbẹ̀. Àgbàdo ń bu ní igun àká, ẹnikẹ́ni kò rí i, àfìgbà tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo agboolé. Lẹ́yìn èyí ni paramọ́lẹ̀ wọlé, ó sì bu ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe jẹ. Kí wọ́n tó gbé e dé ìta, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Láti ọjọ́ náà ni àwọn alágbàṣe ti ní àwọn kò ṣe mọ́, pé àwọn kò wá owó débi ikú.

Àyọ̀ká, ìyàwó Ògúntọ́lá, nìkan ló kù tí ń wọ ibẹ̀. Yóò fi ọwọ́ tọ ògiri lọ, yóò máa fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ kí ohun tó bá wà níbẹ̀ lè gbọ́ kí ó sì yà fún un. Ọkọ rẹ̀ a dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rù a máa bà á, ojú a sì máa tì í, nítorí òun tí í ṣe ọkùnrin kò lè wọlé. Kí ni wọn ì bá ṣe? Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ohun tó wà nínú àká yẹn sì ni Odúntán ọmọ wọn àti àwọn àbúrò rẹ̀ yóò jẹ títí àgbàdo tuntun yóò fi gbó. Epo pupa sì wọ́n. Èyí tí wọn yóò fi se ọbẹ̀ kò tó, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ èyí tí wọn yóò jó nínú fìtílà, nínú àká tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀, Ògúntọ́lá mú ọ̀nà ilé Ìyá Ẹfúnyẹlá pọ̀n, ìyá àgbà tí ń fi owó ẹyọ wo ọ̀ràn. Àwẹ̀ró, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tẹ̀ lé e. Opó ni Àwẹ̀ró. Bàbá kan náà ló mọ àká kékeré tirẹ̀, bí òkùnkùn ti Ògúntọ́lá ti rí náà ni tirẹ̀ rí. Ìyá da owó ẹyọ sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Ó ní àmì tí wọ́n ń pè ní Òkùnkùn-kò-bèèrè-ta-ni-baálé ló jáde fún wọn.

Ó ní, "Ògúntọ́lá, kò sí ọ̀tá tí ń bá ọ jà. Àká rẹ ló fọ́jú. Àdín ni ìmọ́lẹ̀ tí agbára rẹ ká. Òkìtì èkùrọ́ wà lẹ́yìn ààrò ìyàwó rẹ, kí wọ́n pa á, kí wọ́n yọ àdín rẹ̀. Wá àwo fìtílà alámọ̀, fi òwú sí i, kí o sì gbé wọn ká inú àká."

Ògúntọ́lá mi orí. "Ìyá, ẹ mọ̀ pé Èṣù wà lẹ́nu ọ̀nà àká wa. Bàbá wa ló ri òkúta yangí rẹ̀ síbẹ̀. Èèwọ̀ Èṣù sì ni àdín. Ta ni yóò gbé e kọjá níwájú rẹ̀?"

"Ìdí nìyẹn tí ẹbọ fi wà. Fún Èṣù ní àkùkọ kan àti epo pupa díẹ̀ ní ojúbọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí o lu ògiri lẹ́yìn àká, kí o ṣe ẹnu ọ̀nà mìíràn síbẹ̀, kí àdín máa bá ibẹ̀ wọlé. Ìwọ Àwẹ̀ró, bákan náà ni tìrẹ."

Ògúntọ́lá ní, "Kí n lu ògiri bàbá mi? Olè ńkọ́, Ìyá?"

"Òkùnkùn ti kó ọ ṣáájú olè, ọmọ mi."

Àwẹ̀ró kò jiyàn. Ó rúbọ, ó sì gbé ọkọ́ ti ẹ̀yìn àká rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹ wá wo opó tó ń lànà fún olè. Ó ń pa èkùrọ́ rẹ̀ lọ.

Ògúntọ́lá ní tirẹ̀ délé, ó jókòó, ó ń ro ẹjọ́ náà ní àròtúnrò. Àkùkọ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Bí ó bá ti ro ti pé kí òun gbé ọkọ́ sí ògiri bàbá òun, inú rẹ̀ a bàjẹ́. Ibi tó ti ń rò ó ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sára ìhá, ìyẹn háhá ẹyìn tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ tán. Ọ̀fẹ́ ni ìhá. Wọ́n ń fi í di ògùṣọ̀, ó sì ń jó dáadáa. Ògùṣọ̀ kì í ṣe àdín, Èṣù kò ní bínú sí i, ògiri bàbá kò sì ní fojú kan ọkọ́. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó rò pé òun ti gbọ́n ju ẹbọ lọ. Ọgbọ́n àgbọ́njù, òun ní í pa òdù ọ̀yà.

Ó di ògùṣọ̀, ó fi í há ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà nínú àká. Kí a má parọ́, ó mọ́lẹ̀. Àyọ̀ká rí àgbàdo tó ti bu, ó ṣà á kúrò, ó sì gba ọkọ rẹ̀ gbọ́. Ó ní, "Bàbá Odúntán, ẹ ṣeun. Ara tù mí lónìí."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, ẹ̀ta iná já bọ́ láti ara ògùṣọ̀ náà sórí háhá àgbàdo lẹ́nu ọ̀nà. Àyọ̀ká wà lọ́hùn-ún, ní ìpẹ̀kun àká lẹ́yìn. Kí Ògúntọ́lá tó ti ẹ̀yìn ilé sáré dé, iná ti gba ẹnu ọ̀nà, ó ti mú òrùlé. Ó fẹ́ wọlé, iná lé e padà. Ìgbà náà ló gbọ́ ọ tí ìyàwó rẹ̀ ń lu ògiri lẹ́yìn.

Ó gbé ọkọ́, ó sáré yí ibẹ̀ ká. Ó gbẹ́ ògiri náà bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ó ń sunkún, ó ń pè é. Bàbá rẹ̀ kò fi amọ̀ ṣeré rárá. Ó gbẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lílù náà rọlẹ̀, ó sì dákẹ́. Nígbà tí ọkọ́ yọ sínú àká, èéfín nìkan ló jáde wá bá a.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé Àwẹ̀ró. Àká àbúrò rẹ̀ kún, àgbàdo rẹ̀ gbẹ, ejò kò sì wọ ibẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìyàn mú lọ́dún náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìlú ti ń ra oúnjẹ, àwọn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ sì ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Àwẹ̀ró kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Ó bu àgbàdo fún un, ó ń sunkún bí ó ti ń bù ú.

Ògúntọ́lá padà tọ Ìyá Ẹfúnyẹlá lọ. Ó ní, "Ìyá, mo ti lu ògiri náà."

Ìyá ní, "Mo gbọ́, ọmọ mi."

Àwẹ̀ró gbọ́ ẹbọ, ó rú u nígbà tí wọ́n ní kí ó rú u, ó sì rí èrè rẹ̀ jẹ. Ògúntọ́lá náà rú tirẹ̀ lọ́jọ́ tó lu ògiri. Àmọ́ ìgbà tí ó rú u, kò sí ẹni tí yóò bá ẹnu ọ̀nà náà jáde mọ́.