Ajá Bàbá Ọdẹ́tọ́lá

Àwọn ará Òkè-Àgbọn ní òwe kan tó máa ń rú àlejò lójú: "Ajá tó gbó náà ló gbó." Àlejò a ní ṣebí ohun kan náà ni wọ́n sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó bí i nìyí.

Láníhùn ló mọ ọ̀rọ̀ í fi dárà jù lábúlé náà. Tó bá la ẹnu, ọ̀rọ̀ kan á ru ẹrù méjì. Bí o bá gba tọwọ́ ọ̀tún, tòsì ni yóò fi mú ọ. Ẹni tó sì fẹ́ràn jù láti fi ṣẹ̀fẹ̀ ni Bàbá Ọdẹ́tọ́lá, ọdẹ tó ti fi ìbọn kọ́ ògiri, àti Tanímọ̀la, ajá rẹ̀ tí kò ní ju eyín mẹ́ta lẹ́nu mọ́.

"Bàbá, ajá yín ńkọ́? Ṣé ó gbó?"

Bí bàbá bá ní, "Ó gbó," Láníhùn á yíjú sáwọn èèyàn: "Ẹ gbọ́ o, àwọn náà gbà pé ó ti darúgbó." Bí bàbá bá ní, "Kò gbó," á ní, "Ajá tí kì í gbó, kí ló wá ń ṣọ́?" Ẹ̀rín á sọ. Bàbá kì í bínú síta, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ sóko, kó má baà kọjá lójúde Láníhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Láníhùn ń wá ewúrẹ́ rẹ̀ kiri inú àlàpà, ló bá já sínú kànga gbígbẹ tí koríko ti bò. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ohùn obìnrin méjì tó ń todò bọ̀, ó kígbe pé, "Ẹ gbà mí, mo já sí kànga."

Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. "Láníhùn ni. Má dá a lóhùn, àfi tó o bá fẹ́ kó fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀."

"Òótọ́ ni mò ń sọ."

"Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ni ìkejì wí. Wọ́n bá tiwọn lọ.

Láníhùn jókòó sílẹ̀. Òun tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ kò mọ èyí tí ì bá sọ tí wọn yóò fi gbà á gbọ́.

Oòrùn ti rọlẹ̀ kó tó rí imú kan létí kànga. Tanímọ̀la ni. Ajá náà wò ó títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ohùn rẹ̀ ti há, síbẹ̀ kò dákẹ́ títí Bàbá Ọdẹ́tọ́lá fi tọ ohùn náà débẹ̀, tó sì ké sáwọn ọkùnrin pé kí wọ́n mú okùn wá.

Nígbà tí wọ́n fà á jáde, gbogbo wọn dúró, wọ́n ń retí ohun tí yóò sọ. Bàbá ló sọ̀rọ̀.

"Láníhùn, ajá mi ńkọ́? Ṣé ó gbó?"

Láníhùn wolẹ̀. "Ó gbó, Bàbá."

"Èwo nínú méjèèjì?"

"Ajá tó gbó náà ló gbó."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu bàbá, gbogbo wọn sì bá a rín in. Ọjọ́ náà ni ẹ̀fẹ̀ Láníhùn kọ́kọ́ dùn mọ́ bàbá nínú.

Láti ìgbà náà, bí ọ̀dọ́ kan bá fojú di àgbàlagbà pé kò wúlò mọ́, tí àgbà náà wá gbà á lọ́jọ́ ìṣòro, wọn kì í bá a jà ní Òkè-Àgbọn. Wọ́n á kàn ní, "Ajá tó gbó náà ló gbó."