Ìdúró Ọmọ àti Ààrò Ìyá

Bí èèyàn bá dé ìlú Ayégbàmí lónìí, tó ra bàtà fún bàbá ẹ̀ láì béèrè bí ẹsẹ̀ bàbá ṣe tó, tàbí tó lọ fẹ́ ìyàwó fún àbúrò ẹ̀ láì béèrè ẹni tó wu àbúrò, kò ní tíì rìn dé ìdí mọ́tò tí ẹnì kan á fi sọ fún un pé, "A kì í fi ìdúró ọmọ wọn ààrò ìyá." Àlejò á wá yanu sílẹ̀. Ààrò kẹ̀? Òkúta mẹ́ta tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ta ní ń wọ̀n ọ́n? Kí ló sì kan ìdúró ọmọ níbẹ̀? Tẹ́ ẹ bá bi àwọn àgbà ìlú náà, wọ́n á ní láti ayé baba ńlá àwọn ni. Irọ́ ni! Òwe náà ò tíì lọ́jọ́ lórí tó ewúrẹ́ ilé yín. Inú wọ́kíṣọ́ọ̀pù ilé-ìwé ló ti jáde. Ẹ jókòó dáadáa kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe rí, torí láti ibí títí dé etí òkun, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sọ tó báyìí.

Ọmọkùnrin kan wà ní ilé-ìwé tẹ́kíníkà ìlú náà, Ọ̀jẹ́lànà lorúkọ ẹ̀. Ó ga! Ẹ má fi wé ọ̀pẹ o, ọ̀pẹ á bínú. Tí òjò bá fẹ́ rọ̀, òun ló kọ́kọ́ máa ń tutù, á wá sọ fáwọn tó wà nísàlẹ̀ kí wọ́n lọ ká aṣọ. Ẹnu ẹ̀ tún wá gùn ju ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ. Ó ní ojú lásán lòun fi ń wo irin tóun fi ń mọ bó ṣe wúwo tó. Ó ní iná tóun fi ń jó irin, oòrùn gan-an ló máa ń wá yá a lọ́wọ́ òun.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Ládépò, tó ń kọ́ wọn ní àwòrán yíyà àti irin jíjó, kì í fetí sí ẹnu. Òfin kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí gbogbo kíláàsì ń bẹ̀rù ju pàṣán lọ. Tó bá tó àsìkò iṣẹ́ àṣeparí, oníkálukú á wá èèyàn kan nínú ìlú, á wo ohun tó ń ni ẹni náà lára, á ya àwòrán ohun tó lè gbà á, á sì fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é. Ọ̀gá ò ní fún ẹnikẹ́ni ní máàkì. "Ẹni tó ń lò ó ló máa fún yín," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Wọ́n á gbé nǹkan náà fún ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀gá á wá wò ó. Wọ́n mọ ọjọ́, wọn ò mọ aago. Tó bá bá a lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ náà yege. Tó bá bá adìẹ lórí ẹ̀, ó parí.

Ọ̀jẹ́lànà ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Kẹ̀kẹ́ agbómi tó ṣe fún àbúrò bàbá ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, adìẹ ló yé sínú ẹ̀, ó sì pa gbogbo ẹyin náà láì ku ọ̀kan. Àwọn tí wọ́n jọ wọlé ti lọ, àárín àwọn ọmọ kékeré ló kù sí, orúnkún ẹ̀ ò sì wọ abẹ́ tábìlì mọ́. Ilé-ìwé ti sọ ọ́ fún un pé tó bá tún ṣubú lọ́dún yìí, kó máa lọ sílé. Oko ẹ̀gẹ́ ló sì wà nílé.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá ẹ̀ ló fẹ́ ṣe nǹkan fún. Àwẹ̀ró lorúkọ ìyá náà, gààrí ló ń yan. Gààrí ẹ̀ dáa débi pé tẹ́ ẹ bá da omi sí i ní Ayégbàmí, wọ́n á gbọ́ bó ṣe ń wú ní ìlú kejì. Ṣùgbọ́n èéfín! Látàárọ̀ ló ń jókòó sídìí ààrò, ojú ẹ̀ á pọ́n bí ẹyìn, omi á máa dà lójú ẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ọba. Nọ́ọ̀sì ọsibítù ti kìlọ̀ fún un pé tí ò bá jìnnà sí èéfín, ojú á kọṣẹ́ sílẹ̀ fún un.

"Nọ́ọ̀sì," Àwẹ̀ró dáhùn, "tí mo bá jìnnà sí i, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá bá mi yan án?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ọ̀jẹ́lànà. Ló bá ya ààrò onírin. Ó fún un ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó dá ihò sí i lókè tí agbada máa jókòó sí, ó fi ẹnu ibi tí igi ń gbà wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá so páìpù gbọọrọ mọ́ ọn tó máa gbé èéfín gba orí òrùlé lọ. Ìyá ẹ̀ ò ní jókòó sídìí iná mọ́. Á nàró bí ọ̀gá, á máa yan gààrí ẹ̀, ojú ẹ̀ á mọ́ rokoṣo. Àmọ́ kò sọ fún ìyá ẹ̀ o. Ó fẹ́ bá a lójijì ni, èèyàn ò sì lè na téèpù sára ẹni tí ò gbọdọ̀ mọ̀. Ló bá dúró sáàárín wọ́kíṣọ́ọ̀pù, ó ká apá kò bí ẹni tó ń yan gààrí, ó ní kí Ìbíwùmí, ọmọ kíláàsì ẹ̀, wọ̀n láti ilẹ̀ dé ìgúnpá òun.

Ìbíwùmí wò ó sókè, ó sinmi, ó tún wò ó sókè, torí ìwò kan ò lè dé orí ẹ̀.

"Ọ̀jẹ́, ṣé ìwọ lo fẹ́ máa yan gààrí ni?"

"Màámi ni."

"Ṣé màmá ẹ ga báyìí?"

"Ìbíwùmí, ta ló bí mi? Ṣé inú ẹni kúkúrú lèèyàn gígùn ti ń jáde?"

"Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Wọ̀n mí jàre! Iná fẹ́ lọ."

Ẹ má bú u. Lójú Ọ̀jẹ́lànà, ìyá ẹ̀ ga lóòótọ́. Láti kékeré ló ti ń gbójú sókè wò ó, kò sì kíyè sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó nísàlẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ààrò náà délé, gbogbo àdúgbò ló tú jáde, títí kan àwọn tó ti kú fọ́dún mẹ́ta. Àwẹ̀ró rìn sún mọ́ ọn. Etí ààrò bá a láyà. Ó wo ààrò, ó wo ọmọ ẹ̀ tí gbogbo eyín ẹ̀ ti jáde síta tán, ló bá bú sí ijó.

"Ọ̀jẹ́ ọkọ mi! Ọmọ tó gbà mí lọ́wọ́ èéfín!"

"Ẹ gbé agbada lé e ká wò ó, Màámi."

"Ó tì o. Ẹ̀gẹ́ tó wà lábẹ́ òkúta ò tíì ro tán. Tó bá di ọ̀la."

Bó ṣe di pé àsìkò tí Ọ̀jẹ́lànà bá wà nílé-ìwé nìkan ni ìyá ẹ̀ ń yan gààrí nìyẹn. Tó bá dé, agbada ti tutù.

"Màámi, ààrò wa ńkọ́?"

"Háà! Bí ẹni tó gun orí ìtẹ́ ni mo ṣe ń rí." Òróró ìpara ló ń fi ra èjìká bó ṣe ń sọ ọ́.

"Apá ń dùn yín ni?"

"Ọjọ́ orí ni."

"Àkísà tẹ́ ẹ wé mọ́ ọwọ́ ńkọ́?"

"Ọ̀bẹ ló há mi nígbà tí mò ń bẹ ẹ̀gẹ́. Jẹun, ọkọ mi."

Ó jẹun. Lọ́jọ́ kejì ó lọ sọ ní kíláàsì pé àwọn obìnrin láti ìlú méje ló ń tò wá wo ààrò òun, pé ọ̀kan ti dákú.

Ó ku ọ̀la kí ọ̀gá wá, ni iná lọ nílé-ìwé, jẹnẹrétọ̀ náà sì kọ̀. Wọ́n ní káwọn ọmọ máa lọ sílé. Ọ̀jẹ́lànà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó bá ìyá ẹ̀ lórí odó.

Àwẹ̀ró dojú odó dé, ó gun ìdí ẹ̀, odó sì ń mì lábẹ́ ẹ̀. Ó fi àkísà wé ọwọ́ kan, ó fi di páìpù mú kó má baà ṣubú. Ó wá ń fi ọwọ́ kejì nàgà yí gààrí inú agbada, bí ẹni tó ń yọjú wo inú àgbàlá onílé kejì. Nígbà tó fẹ́ ti igi, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tì í, ó tún pọ́n odó.

"Màámi!"

Odó yí. Àwẹ̀ró fò sílẹ̀, igbá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, gààrí gbígbóná fọ́n ká.

"Ta ló ní kó o wálé nírú àsìkò yìí?" Bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ló ṣe sọ ọ́.

Ọ̀jẹ́lànà mú ọwọ́ ẹ̀, ó tú àkísà náà. Ojú ọ̀bẹ kọ́ ló wà níbẹ̀. Iná páìpù ni.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí wọ́n lé ọ nílé-ìwé? Ọ̀gá yín ń bọ̀ lọ́la. Màá gun odó mi, màá rẹ́rìn-ín sí i, á fún ọ ní máàkì ẹ. Tó bá ti lọ, a ó gbé e fún adìẹ, èmi á padà sídìí òkúta mi. Kí ló burú níbẹ̀?"

"Ojú yín ńkọ́?"

"Ìwọ ṣáà yege."

Ọ̀jẹ́lànà mọ̀ pé kóun ṣáà dákẹ́ dọ̀la ni, òun ti yege nìyẹn. Tóun bá sì fi ayùn kan irin náà báyìí, ẹ̀bù irin ni ọ̀gá máa wá bá. Ó wo odó tó dùbúlẹ̀ yẹn. Ó wọlé lọ mú okùn.

"Ẹ dìde dúró, Màámi. Ẹ ká apá kò."

Àwẹ̀ró dúró, àmọ́ orí ìka ẹsẹ̀ ló fi dúró, tó na ọrùn bí ẹyẹ lékèélékèé.

"Ẹ sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀."

"Bí mo ṣe ga nìyí."

"Màámi, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀jẹ́lànà wọ̀n ọ́n, ó sì rí i pé orí ìyá òun ò kọjá àyà òun. Ó mú ayùn.

Irin ò gbọ́ bọ̀rọ̀. Nígbà tí Ọ̀gá Ládépò yọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ààrò náà wà ní ìdùbúlẹ̀ láàárín àgbàlá, ẹsẹ̀ mẹ́ta kúrú, ọ̀kan gùn, bí ẹran tí wọ́n fẹ́ kun. Àwẹ̀ró sáré síwájú ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá! Ààrò yìí mà dáa o! Ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó!"

"Màmá, ó dùbúlẹ̀."

"Bí mo ṣe máa ń lò ó náà nìyẹn."

Ọ̀gá Ládépò gbójú sókè, ó ń wá ibi tó máa gbé ẹ̀rín ẹ̀ mì sí. Ọ̀jẹ́lànà dìde pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́.

"Sà, ẹ má dá wọn lóhùn. Ara mi ni mo wọ̀n. Orí odó ni wọ́n ti ń lò ó, ó sì ti jó wọn lọ́wọ́."

"O mọ̀ pé òní ni mò ń bọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"O ò lè dúró kí n lọ tán kó o tó gé e?"

"Ẹ̀gẹ́ wọn ti ro, sà. Òní ni wọ́n máa yan án."

Ọ̀gá fọwọ́ kan ibi tí ayùn ti gé e. "Òfin ò yí padà," ó wí. "Ẹni tó ń lò ó ló ń fúnni ní máàkì. Èmi ò rẹ́ni tó ń lo èyí."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ sínú eruku. "Ọ̀gá, ẹ dákun. Èmi ni mo pa irọ́, ọmọ ò mọ̀ nípa ẹ̀."

"Ẹ dìde, Màmá. Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀. Ilé àwọn ọmọ yòókù ṣì wà tí mo fẹ́ dé. Tí mo bá ń padà, ọ̀nà yìí náà ni mo máa gbà, ilẹ̀ òní ò sì tíì ṣú."

Ẹ ò rí gígé irin rí! Ayùn Ọ̀jẹ́lànà gbóná débi pé èèyàn lè fi í tan iná. Àwọn adìẹ ilé kẹta rò pé ààrá ń sán, wọ́n ti wọ̀. Ìyá Tọ̀míwá, aládùúgbò wọn, bá wọn gbé ààrò náà nàró, wọ́n fi ègé igi há abẹ́ ẹsẹ̀ kan tó ń mì, wọ́n gbé agbada lé e.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá Ládépò padà dé. Èéfín ń gba orí òrùlé lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwẹ̀ró kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀, ìgúnpá ẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì ń kọrin.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

Àwẹ̀ró ò gbọ́, orin ẹ̀ ló ń kọ lọ.

"Màmá, máàkì ọmọ yín ńkọ́?"

"Ẹ dúró ná, jàre!" Àwẹ̀ró ò wẹ̀yìn. "Gààrí mi fẹ́ jóná!"

Obìnrin tó kúnlẹ̀ fún un láàárọ̀ ló ń lé e bí eṣinṣin yìí. Ọ̀gá Ládépò mi orí sí Ọ̀jẹ́lànà. "Wọ́n ti fún ọ," ó wí, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo obìnrin tó ń yan gààrí ní Ayégbàmí ló ń wá. Ọ̀jẹ́lànà á na okùn, ìyá ẹ̀ á sì máa ṣọ́ gìgísẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Tọ̀míwá ní tòun, ọwọ́ òun dí, ó rán ọmọ ẹ̀ ọkùnrin wá, ọmọ gìrìpá tó ń forí kan àtẹ́rígbà. Ó lọgun láti àgbàlá ẹ̀ pé, "Ìyá Ọ̀jẹ́, Tọ̀míwá ló ń bọ̀ yẹn o! Ẹ wọ̀n ọ́n dípò mi, ọmọ mi ṣáà ni!"

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí ó fi di odi mú. "Ìyá Tọ̀míwá, gbéra kó o wá dúró fúnra ẹ! A kì í fi ìdúró ọmọ wọn ààrò ìyá!"

Gbogbo àwọn obìnrin tó wà lórí ìlà ló gbé e lẹ́nu. Wọ́n gbé e dọ́jà, ọjà gbé e dé oko, oko gbé e dé ààfin. Ọmọ tó kọ́lé alájà fún ìyá tí orúnkún ń dùn, òun ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Bàbá tó yan iṣẹ́ fọ́mọ láì wo ọwọ́ ọmọ, òun náà ń gbọ́ tiẹ̀. Wọn ò ní kò sí ìfẹ́ níbẹ̀ o. Ìfẹ́ pọ̀ níbẹ̀ ju gààrí lọ. Òun gan-an ló gbé ìyá gorí odó. Wọ́n kàn ní kẹ́ ẹ mú okùn yín dání, kẹ́ ẹ rìn lọ bá ẹni tẹ́ ẹ nífẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ sì ní kó sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀. A kì í fi ìdúró ọmọ wọn ààrò ìyá. Ìyá ló mọ ibi tí ìgúnpá òun dé.